Ọ̀gá Tó Kórìíra Àmì Orí Ọ̀rọ̀

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín ní orúkọ Ẹni tó fi erùpẹ̀ mọ ènìyàn, tó sì tún fi erùpẹ̀ náà sí abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ wa kí a má baà gbàgbé. Ìtàn ọkùnrin kan tó gbàgbé ni mo fẹ́ sọ. Kò gbàgbé ọjọ́ ìbí rẹ̀ o, nítorí gbogbo òṣìṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ kọrin fún un lọ́jọ́ náà. Kò gbàgbé oyè rẹ̀, nítorí ó kọ ọ́ sí ara ilẹ̀kùn, sí orí tábìlì, sí ara ife tó fi ń mu tíì, ó tún lẹ̀ ẹ́ mọ́ dígí ilé ìwẹ̀ kó lè máa kà á bó bá ń fọ eyín. Erùpẹ̀ nìkan ló gbàgbé. Ẹ óò sì rí bí erùpẹ̀ ṣe rán an létí.

Oyè náà ni Ọ̀gá Pátápátá fún Omi, Páìpù àti Ohun Gbogbo Tó Ń Ṣàn. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ìparí oyè yẹn kún un. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ omi ń pè é ní Olúpáìpù, bí wọ́n bá ti rí i pé ilẹ̀kùn ti tì dáadáa. Ní ti ohun tó ń ṣàn, ó ti pé oṣù méjì tí nǹkan kan ti ṣàn kẹ́yìn ní ìlú yẹn. Bí ènìyàn bá ṣí ẹ̀rọ omi, yóò kọ́kọ́ húkọ́, yóò sì tú afẹ́fẹ́ gbígbóná jáde bí àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun ọ̀sán. Oṣù méjì sẹ́yìn yẹn kan náà ni Olúpáìpù ní kí wọ́n mọ ògiri tuntun sínú ọ́fíìsì òun, kí àwòrán òun, tó ga tó ènìyàn méjì, lè rí ibi gúnwà sí. Kò sẹ́ni tó ro ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ má tíì rò ó pọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, bí ọkọ̀ rẹ̀ bá ti yọ, aṣọ́nà á kígbe lẹ́ẹ̀mẹta pé, "Ọ̀gá ń bọ̀." Gbogbo òṣìṣẹ́ á dìde. Igbákejì rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Bẹ́ẹ̀ni-Sà, á sáré gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, á sì yìn ín fún bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

"Sà, ẹ wo bẹ́ ẹ ṣe gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lélẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì ń jowú."

"Mo mọ̀," ni Olúpáìpù máa ń dáhùn. "Mo ti kìlọ̀ fún un."

Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í yìn ín: akọ̀wé rẹ̀, obìnrin kan tó ti ń tẹ lẹ́tà níbẹ̀ láti ọdún méjìlélógún. Ìyá Àmì ni wọ́n ń pè é, nítorí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan jáde lọ́wọ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó fi àmì ohùn sí i lórí. Ó máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ tí kò lámì dà bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí wọn ò sọ ilé tó ń lọ fún. Òun ló ń fi àmì sórí gbogbo ohun tí Olúpáìpù bá kọ. Olúpáìpù ò sì mọ̀ pé torí ẹ̀ ni ayé ṣe ń gbọ́ ohun tí òun ń sọ.

Ní ti fóònù, ọkùnrin yìí kórìíra rẹ̀ bí ó ti yẹ kí a kórìíra ẹ̀ṣẹ̀. Ó bá wọn sọ ọ́ ní ìpàdé òṣìṣẹ́, ó sì fi ìka méjì há inú wẹ́sítì bó ṣe ń sọ ọ́.

"Ẹ̀yin abẹ́ mi, ayélujára jẹ́ ibùgbé àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Èmi tí mo ti wo páìpù lójú tí páìpù sì gbójú sílẹ̀, ṣé èmi ni màá wá máa ya àwòrán oúnjẹ mi han ẹni tí kò ní jẹ nínú rẹ̀? Ẹni tí mo bá rí tó ń fi ìka pa fóònù lára nínú ọ́fíìsì yìí, ìka yẹn náà ni yóò kọ lẹ́tà ìdágbére."

"Ìka náà ò ní rójú rere, sà," ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà wí, ó sì rọra ti fóònù tirẹ̀ bọ inú ìbọ̀sẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni lẹ́tà dé láti olú ilé-iṣẹ́. Alákòóso Gbogbogbò, tó wà lórí gbogbo ilé-iṣẹ́ ìlú, fẹ́ fẹ̀yìn tì. Àwọn ọ̀gá márùn-ún ló wà tí wọ́n lè fi rọ́pò rẹ̀. Kí kálukú wọn ṣí ojú ewé lórí ayélujára, kó máa bá àwọn ará ìlú sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì, àwọn àgbà mẹ́ta máa wá fojú ara wọn wò ó, ẹni tí ìlú bá sì fẹ́ràn jù ni yóò jókòó sórí àga Alákòóso.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa àga náà. Awọ dúdú ni. Ó ń yí. Ó ní ibi ìgbápálé, ó ní ibi ìgbẹ́sẹ̀lé, ìró rẹ̀ bí ènìyàn bá jókòó lé e dà bí ìgbà tí ọlọ́rọ̀ bá mí kanlẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni àga náà ti ń wu Olúpáìpù. Nígbà kan tí Alákòóso lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀, ó sáré jókòó lé e, ó yí i lẹ́ẹ̀kan, ó dìde. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí àga tó tún bá ìdí rẹ̀ mu.

Bó ṣe di pé ó gbé fóònù tuntun lọ sílé ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, nìyẹn. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni ìyá náà. Ó ní ológbò olójú kan, ó sì ní ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn ó lé tí wọ́n ń tẹ̀ lé e lórí ayélujára kí wọ́n lè máa wo bí ológbò náà ṣe ń sùn.

"Ìkókó," ni ìyá wí, torí ohun tó ń pè é láti ọjọ́ tó ti bí i nìyẹn, "rọra. O ń tẹ fóònù bí ẹni ń pa eèrà."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí ní Ìkókó níwájú ẹ̀rọ yìí. Wọ́n ní ó ń gbọ́ràn."

"Ó ti gbọ́. Mo ti sọ fún gbogbo wọn pé ìkókó mi ń bọ̀ wá bá wa. Wò ó, ẹnì kan rèé tó fẹ́ bá ọ ṣọ̀rẹ́. Tẹ ibí."

"Ọ̀rẹ́ kẹ̀? Èmi kì í lọ́rẹ̀ẹ́, Ìyá. Àwọn tó wà lábẹ́ mi wà, àwọn tó wà lókè mi wà. Kò sẹ́nì kankan láàárín."

"Abájọ tí ìyàwó ẹ fi fẹ́ràn kí o máa pẹ́ níbi iṣẹ́."

Ó gba Olúpáìpù ní ìdajì wákàtí láti kọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Kò wá àmì kankan lórí fóònù, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ó kọ ọ́ báyìí: "Emi ni Oga Patapata. Mo ti de."

Ọkàn pupa kékeré kan fò sókè lójú fóònù. Ìyá rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà òmíràn fò, láti ọ̀dọ̀ onídìrí kan tí wọn ò mọ̀ rí. Ẹ̀kẹta dé. Ẹ̀yin ará, nǹkan kan rìn nínú àyà ọkùnrin yìí, níbi tí nǹkan kan ò ti rìn láti ọjọ́ tó yí àga yẹn. Ètè rẹ̀ méjèèjì fà sẹ́yìn. Ológbò dìde, ó bọ́ sábẹ́ tábìlì.

"O rí i bó ṣe dùn?" ni ìyá bi í.

"Kò dùn. Mo kàn ń yẹ̀ ẹ́ wò ni."

Kó tó di pé oúnjẹ ọ̀sán jinná, ó ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mọ́kànlélógójì.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ kọ́kọ́ sọ iye ìgbà tẹ́ ẹ ti wo fóònù tiyín láti ìgbà tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, òfin yí padà. Fóònù tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì ti di ojúṣe. Ní aago mẹ́sàn-án gééré, Bẹ́ẹ̀ni-Sà á lu agogo, gbogbo òṣìṣẹ́ á dìde dúró, wọn á tẹ ọkàn pupa sábẹ́ ohunkóhun tí ọ̀gá bá kọ, wọn á sì kọ ọ̀rọ̀ ìyìn tí kò gbọ́dọ̀ dín ní gbólóhùn mẹ́ta. Olúpáìpù ya àwòrán ife rẹ̀: ọkàn ọgọ́ta. Ó ya àwòrán bàtà rẹ̀: ọkàn ọgọ́ta. Ó tẹ òfìfo ránṣẹ́ ní àṣìṣe: ọkàn ọgọ́ta, Bẹ́ẹ̀ni-Sà sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ yẹn jinlẹ̀ ju ìwàásù lọ.

Wọ́n lẹ ìwé àṣẹ mọ́ gbogbo ilẹ̀kùn: "Láti òní lọ, gbogbo òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé ọ̀gá. Ẹni tí kò bá tẹ̀ lé e yóò rí i." Ìyá Àmì ló tẹ ìwé náà, nítorí náà kò sí ohùn kan tó ṣì nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n agbálẹ̀ ilé-iṣẹ́, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tó bẹ̀rù Ọlọ́run, kò ní fóònù. Ó ka ìwé náà, ó gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé ọ̀gá.

Ó tẹ̀ lé e lọ sí ìpàdé. Ó tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó dúró.

"Kí lò ń wá lẹ́yìn mi?" ni Olúpáìpù bi í nígbà tó jáde.

"Mò ń tẹ̀ lé yín ni, sà. Wọ́n ní ẹni tí kò bá tẹ̀ lé yín á rí i."

Olúpáìpù ronú sí i. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó rí i pé ó dára kí ènìyàn ní ẹnì kan níbẹ̀. "Máa bọ̀," ló wí. "Ṣùgbọ́n máa jìnnà díẹ̀, kó lè dà bíi pé ẹ pọ̀."

Ìyá Àmì gbìyànjú láti ràn án lọ́wọ́. Ó wọlé tọ̀ ọ́ lọ pẹ̀lú ìwé pẹlẹbẹ kan lọ́wọ́.

"Sà, àwọn ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń kọ sórí ayélujára yẹn, ẹ máa fún mi kí n bá yín fi àmì sí i. Kò ní gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ."

"Ìṣẹ́jú kan?" ni Olúpáìpù wí. "Láàárín ìṣẹ́jú kan, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ iná tó ń bá mi du àga á ti gbé àwòrán ajá rẹ̀ jáde. Wò ó, madam. Àwọn àmì yẹn dà bí ìgbẹ́ eṣinṣin lórí ọ̀rọ̀ ńlá. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ni wọ́n ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ mí á mọ ohun tí mò ń sọ."

"Ẹni tó bá mọ̀ yín á mọ̀, sà," ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà wí. "Ẹni tí kò mọ̀ yín, wọn ò tíì bí i."

"Ẹ gbé e lọ sí yàrá ìkẹ́rù lẹ́yìn ilé. Kó lọ máa fi àmì sórí páìpù."

Ìyá Àmì kó kálàmù rẹ̀ àti páálí ṣọ́ọ̀kì kan, ó lọ sí yàrá ìkẹ́rù. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo páìpù tó wà níbẹ̀ ló ti ní orúkọ lára, pẹ̀lú àmì.

Ọjọ́ kejì tí Ìyá Àmì kó lọ ni Olúpáìpù fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé: "Ni ola, aago mewaa, Oga n bo lori afefe. E maa reti." Ohun tó ní lọ́kàn ni pé ọ̀gá ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀. Àmọ́ ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí, bí wọ́n ṣe kà á kọ́ nìyẹn.

"Ọ̀gá ń bọ́ kẹ̀? Ṣé aṣọ ló fẹ́ bọ́ ni?"

"Àbí láti orí àga ló ti fẹ́ bọ́?"

"Èyíkéyìí tó bá jẹ́, mi ò ní lọ síbì kan ní aago mẹ́wàá."

Ẹgbẹ̀rún méjì ènìyàn ló péjọ sójú fóònù. Wọ́n bá ọkùnrin kan tó wọ kóòtù àti wẹ́sítì, tó fi àádọ́ta ìṣẹ́jú ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín páìpù tó tẹ́ẹ́rẹ́ àti páìpù tó sanra. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú kékeré ránṣẹ́, èyí tó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Olúpáìpù rí omijé náà, ọkàn rẹ̀ sì gbọgbẹ́ ìfẹ́.

"Wọ́n ń sunkún," ló sọ fún Bẹ́ẹ̀ni-Sà. "Páìpù ni mo fi pa wọ́n lẹ́kún."

"Èmi náà ò lè sọ̀rọ̀, sà," ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà wí, ó sì sọ̀rọ̀ fún ìdajì wákàtí.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí àwọn àgbà mẹ́ta dé. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ iná ṣì fi ọgọ́rùn-ún ọkàn ju Olúpáìpù lọ, nítorí ajá rẹ̀ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ jígí. Olúpáìpù ò sùn, kò wo. Ó ń rí àga náà níbi tó ń yí láìsí òun lórí rẹ̀. Ìgbà náà ni èrò kan wá sí i lọ́kàn: kí gbogbo ìlú péjọ lọ́jọ́ tí àwọn àgbà ń bọ̀, kí wọ́n fi ìfẹ́ fọ ilé-iṣẹ́ omi mọ́ tónítóní, kí òun sì máa fi í hàn lórí afẹ́fẹ́. Ó kọ ọ́, kò fi han ẹnikẹ́ni, ó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́:

"Eyin ara ilu mi owon. Ni ojo Satide, aago mejo aaro, ki gbogbo wa pejo lati fo ile ise omi. Ki onikaluku mu ohun elo ise re wa. E ma fi biriki kan sile. Oga yin lo pase."

Ẹ jẹ́ ká lọ sí ìsọ̀ fọganáísà, níbi tí bíríkìlà kan àti onídìrí ti jókòó sórí táyà tí wọ́n ń wo fóònù kan náà.

"Ó ní ká wá fọ́ ilé-iṣẹ́ omi," ni bíríkìlà wí.

"Ó ní ká wá fọ ọ́ ni," ni onídìrí wí. "Ká wá fi omi fọ ọ́."

"Omi wo?"

Onídìrí fọwọ́ họ orí.

"Mo ní omi wo? Ìgbà wo lo ti fọ orí oníbàárà kẹ́yìn?"

"Oṣù mẹ́rin."

"Ta ló ń ṣe omi?"

"Àwọn náà ni."

"Ṣé ẹni tó mọ̀ pé òun ò fún wa lómi láti oṣù mẹ́rin ló máa wá ní ká wá fọ ilé fóun? Itọ́ la máa fi fọ ọ́ ni?" Bíríkìlà na ìka sójú fóònù. "Ó ní kí kálukú mú ohun èlò iṣẹ́ ẹ̀ wá. Òòlù lohun èlò tèmi. Ó ní ká má fi bíríkì kan sílẹ̀. Ẹ̀rí ọkàn ló ń dà á láàmú. Ó ti rí i pé ilé yẹn ò wúlò fún ẹnikẹ́ni."

"Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa sọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n wá rèé," ni fọganáísà wí, ojú rẹ̀ sì rọ̀. "Ẹ jẹ́ ká tẹ ọkàn fún un."

Bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ nìyẹn, gbogbo àdúgbò náà sì tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ Ẹtì, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ọkàn ló wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, láìlu agogo. Ajá ilé-iṣẹ́ iná ti kù sẹ́yìn. Olúpáìpù kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀, ó sì dúpẹ́, kì í ṣe lọ́wọ́ Ọlọ́run bí kò ṣe lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Ìyá Àmì ka ọ̀rọ̀ náà lójú fóònù tirẹ̀ ní yàrá ìkẹ́rù. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ̀gá láti wí fún un, Bẹ́ẹ̀ni-Sà sì lé e padà, ó ní ọ̀gá ń ka ọkàn rẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá Àmì mí kanlẹ̀. Ó padà sí yàrá rẹ̀, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ nǹkan gàdàgbà sára ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ Sátidé, aago mẹ́jọ, Olúpáìpù dúró lẹ́nu géètì. Ó kẹ́yìn sí ilé-iṣẹ́, ó gbé fóònù há orí ọ̀pá gígùn, ojú ara rẹ̀ ló ń wò nínú rẹ̀. Ó ti rí ohun kan nínú fóònù náà tó ń yọ ìhunjọ kúrò lójú, ó sì ti yọ ọ́ dé ibi tó fi dà bí ẹyin. Agbálẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó jìnnà díẹ̀.

Àwọn ará ìlú dé. Ẹ̀yin ará, wọ́n bójú mu. Wọ́n tò sórí ìlà. Wọ́n kí ọ̀gá bí wọ́n ṣe ń kọjá, kálukú pẹ̀lú òòlù, dígà àti ọ̀pá irin. Aṣọ́nà bi wọ́n ta ló rán wọn, wọ́n fi fóònù hàn án. Ó rí i pé ọ̀gá ló pàṣẹ, ó ṣí géètì.

Bẹ́ẹ̀ni-Sà wà nínú ọ́fíìsì tó ń mu tíì nígbà tí bíríkìlà kan ilẹ̀kùn.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé ife yín kúrò níbẹ̀ yẹn. Ògiri yẹn la fẹ́ mú."

Bẹ́ẹ̀ni-Sà sáré jáde lọ bá ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàánú rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti fi ń sọ ohun tó dùn nìkan, ẹnu rẹ̀ ò mọ ọ̀nà ibòmíràn mọ́.

"Sà," ló wí, "ilé-iṣẹ́ wa... ó ti ń gba afẹ́fẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

"Ó yẹ bẹ́ẹ̀," ni Olúpáìpù wí, ó sì yíjú sí fóònù. "Ẹ̀yin ará ìlú mi, ẹ ò gbọ́ ìró yẹn? Búrọ́ọ̀ṣì ni. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìfẹ́ gbo ó."

Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ènìyàn ló ń wò ó. Ọkàn ń fò bí eṣú. Ọ̀rọ̀ ń wọlé lábẹ́ rẹ̀: Ọ̀gá, ẹ bojú wẹ̀yìn. Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wẹ̀yìn yín.

"Ẹnì kan ní kí n bojú wẹ̀yìn," ni Olúpáìpù kà jáde. "Rárá o. Iwájú lèmi ń wò. Ẹni tí àga ń dúró dè kì í wẹ̀yìn."

Òrùlé sọ̀ kalẹ̀. Eruku bo géètì.

"Ìdọ̀tí ọdún pípẹ́ ló ń jáde yẹn," ló ṣàlàyé fún wọn, ó ń wúkọ́.

"Sà," ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà wí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, "a ti wá rí ojú ọ̀run kedere láti ibi tábìlì yín."

Agbálẹ̀ ló sún mọ́ ọn. Kò tíì sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀. "Ọ̀gá," ló wí, "ilé ti tán."

Olúpáìpù yíjú.

Ilé-iṣẹ́ omi ò sí mọ́. Bíríkì ló kù, wọ́n tò ó dáadáa sápá kan. Ògiri kan ṣoṣo ló ṣì dúró láàárín, èyí tí wọ́n mọ ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, àwòrán Olúpáìpù sì ń rẹ́rìn-ín lórí rẹ̀. Níwájú ògiri náà ni àwọn àgbà mẹ́ta láti olú ilé-iṣẹ́ dúró sí, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kóòtù wọn funfun fún eruku. Bíríkìlà bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sún díẹ̀. Wọ́n sún. Ó gbé àwòrán náà sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì fi òòlù kan ògiri.

Ẹ ti lè ro ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ báyìí. Lẹ́yìn ògiri yẹn ni ìdérí páìpù ńlá wà, èyí tí gbogbo omi ìlú ń gbà kọjá. Àwọn tó mọ ògiri náà ti dé e kí omi má baà ta sára sìmẹ́ǹtì tútù, wọ́n sì mọ ògiri lé e lórí. Nígbà tí ògiri wó, bíríkìlà fi ọwọ́ méjèèjì yí ìdérí náà. Ilẹ̀ kùn. Páìpù húkọ́. Omi tú jáde lójijì, ó ga ju igi ọ̀pẹ lọ, ó sì rọ̀ sórí bíríkì, sórí àwọn àgbà mẹ́ta, sórí gbogbo ènìyàn. Onídìrí gbé orí sábẹ́ rẹ̀. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fọ bíríkì pẹ̀lú aṣọ wọn, wọ́n ń kọrin ìyìn sí Ọlọ́run. Bó ṣe jẹ́ pé lọ́jọ́ kan náà ni wọ́n fọ́ ilé-iṣẹ́ omi, tí wọ́n sì fọ ọ́ nìyẹn.

Èyí tó dàgbà jù nínú àwọn àgbà nu ojú rẹ̀. "Ta ló pàṣẹ?"

Bíríkìlà na fóònù sí i. Àgbà náà kà á, ó yí fóònù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tún kà á. "Kí ni wọ́n kọ síbí gan-an?"

Ìgbà náà ni wọ́n rí i pé yàrá kan ṣì wà lẹ́yìn, odindi, òrùlé àti gbogbo ẹ̀. Obìnrin kan jókòó síwájú rẹ̀ lórí àpótí. Lára ilẹ̀kùn rẹ̀ ni wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ gàdàgbà pé: Ẹ MÁ FỌ́ IBÍ.

"Èyí lámì ní tiẹ̀," ni bíríkìlà ṣàlàyé. "Ó yé wa. A ò fọwọ́ kàn án."

Ìyá Àmì gba fóònù lọ́wọ́ àgbà náà. "Bó bá jẹ́ ohùn àárín ló wà lórí ọ̀rọ̀ 'fo' yìí, sà, omi ló ní kí wọ́n fi fọ ọ́. Bó bá jẹ́ ohùn òkè, ẹ ń wò ó. Kò fi ohùn kankan sí i."

"Ìwọ ńkọ́, báwo lo ṣe kà á?"

"Mo kà á bí ẹni tó mọ̀ pé kò sómi, sà."

Àgbà náà wo Olúpáìpù. Olúpáìpù ṣì gbé ọ̀pá fóònù sókè, ojú rẹ̀ nínú fóònù ń dán bí ẹyin, ojú rẹ̀ lóde sì ti di ẹrẹ̀. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Erùpẹ̀ ló jáde.

Aṣọ́nà dúró ti géètì tí kò dáàbò bo nǹkan kan mọ́. Kò tíì sẹ́ni tó wí nǹkan fún un. Ó wo ọ̀gá bó ṣe ń bọ̀ nínú omi láàárín bíríkì, ó mí, ó sì kígbe lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ó gbé ohùn náà sókè níparí: "Ọ̀gá ń bọ́."

Lẹ́tà tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ìyá Àmì ló tẹ̀ ẹ́. Àmì pé sórí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, débi pé kò sí ọ̀nà méjì tí ènìyàn lè gbà kà á: kó máa lọ sílé. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ iná ló gba àga, ajá rẹ̀ ló sì ń jókòó lé e ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Wọ́n tún ilé-iṣẹ́ omi kọ́, ó kéré, kò ní ògiri tí kò wúlò. Bẹ́ẹ̀ni-Sà ń yin ọ̀gá tuntun níbẹ̀. Ẹ bá mi gbàdúrà fún un.

Ní aago mẹ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an, àwọn ọgọ́ta òṣìṣẹ́ yọwọ́ kúrò lójú ewé Olúpáìpù. Ọkàn dáwọ́ dúró. Ó jókòó ní pálọ̀ ìyá rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìsìn, ó ń wo fóònù tó dákẹ́.

"Ìkókó," ni ìyá wí, "ya ológbò fún mi. Ojú mi ò ríran dé ibẹ̀."

Ó ya ológbò. Ó fẹ́ kọ̀wé sábẹ́ rẹ̀, ó dúró, ó tẹ Ìyá Àmì láago. "Ẹ jọ̀ọ́, madam," ló wí, ohùn rẹ̀ sì kéré, "ibo ni wọ́n ń gbà rí àmì yẹn lórí fóònù?" Ìyá Àmì sọ fún un. Kò rẹ́rìn-ín àfìgbà tó gbé fóònù sílẹ̀.

Ó kọ ọ́ pé: "Ológbò ìyá mi ń sùn. Orúkọ tí ìyá mi ń pè mí ni Ìkókó."

Ọkàn mẹ́rìnlá. Onídìrí tẹ̀ ẹ́. Bíríkìlà tẹ̀ ẹ́, ó sì bi í bóyá ológbò náà ń jẹun dáadáa. Olúpáìpù dá a lóhùn. Wọ́n fọ̀rọ̀ wérọ̀ lórí ológbò títí oúnjẹ fi jinná, kò sì rántí ka ọkàn náà lẹ́ẹ̀kejì.

"Ó dùn, àbí kò dùn?" ni ìyá bi í.

"Ó dùn, Ìyá."

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ kan tún wọlé, láti ọ̀dọ̀ agbálẹ̀, tí àbúrò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bá wá fóònù. Ohun tó kọ ni pé: "Sà, mo ṣì ń tẹ̀ lé yín."

Olúpáìpù wo ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó rántí. Ó rẹ́rìn-ín títí ológbò fi jí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn, ó ń wá àwọn àmì náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì kà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, kó má baà di nǹkan mìíràn: "Ẹ ṣeun, ọ̀rẹ́ mi."